Tìmùtìmù Inú Àjà

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìjókòó, ẹ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láyè. Ìtàn kan ń yún mi lẹ́nu, mo sì ti pinnu pé n kò ní í gbé e sùn. Ìtàn obìnrin kan ni, tó bá oòrùn fa wàhálà lórí òrùlé bàbá rẹ̀. Ẹ má tíì bi mí pé ta ló ń bá oòrùn jà tó ń borí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Tìmùtìmù ṣíṣe ni iṣẹ́ obìnrin náà. Ohun gbogbo tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì, tó lè gbórí lé, tàbí tó lè jókòó lé, ó máa ń rán an, ó sì máa ń ki òwú sínú rẹ̀. Akìmáfàyè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bó bá ki òwú sínú bẹ́ẹ̀dì tán, abẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè. Bẹ́ẹ̀dì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í tẹ̀. Ìyàwó á sùn lé e, ọmọ á sùn lé e, ọmọ-ọmọ á máa fò lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì á ṣì le bí àyà ọ̀dọ́kùnrin. Bó bá sì rí èyí tí ẹlòmíràn ṣe, á fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, á mi orí, á ní, "Èyí ò tíì jẹun láti àná."

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, níbi tí eruku òwú ti máa ń fò láti àárọ̀ dalẹ́. Òkè ni yàrá wà, abẹ́ páànù gan-an. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, òun àti bàbá ló kù tí wọ́n jọ ń bára wọn ṣe àríyànjiyàn. Awakọ̀ ojú irin ni bàbá yìí nígbà tó lágbára. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Fèrèsé yàrá rẹ̀ dojú kọ ojú irin, ibẹ̀ ló sì máa ń gbé àga rẹ̀ sí. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, á na ọrùn síta, á ní àwọn awakọ̀ òde òní ò mọ fèrè í fọn, pé wọ́n ń fọn ún bí ẹni tí eyín ń dùn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí à ń wí yìí dé, kò dé bí àlejò, bí onílé ló ṣe dé. Páànù á máa dún pàù, pàù, lọ́sàn-án, bí ẹni pé wọ́n ń sọ òkò sí i. Fáànù ń yí nígbà tí iná bá wà, ooru ló sì ń fẹ́ sí ènìyàn lójú. Bàbá kò ráhùn. Ó ní ooru tí òun ti rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí páànù ń ṣe yìí, ọmọ ọwọ́ ni. Ó ń wí bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí Akìmáfàyè gbé omi gòkè, tó bá a nílẹ̀ lẹ́bàá àga, tí ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi, tí kò sì mọ ẹni tó ń pe òun.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lópin òpópónà ló sáré wá. Wọ́n fi aṣọ tútù nu bàbá lára, wọ́n ń rọ omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ọkọ̀ ọ̀sán ti kọjá. Nọ́ọ̀sì fa Akìmáfàyè sí orí àtẹ̀gùn, ó ṣàlàyé fún un pé bí ara bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, kì í tètè sọ fún ẹni tó ni ín mọ́ pé ooru ń pa á.

"Bí yàrá yìí bá tún mú un bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," ni nọ́ọ̀sì wí, "ẹ má wulẹ̀ pè mí, ìyá. Ẹ pe ẹbí."

Kò sì sí ibòmíràn nínú ilé náà. Yàrá iwájú ò sàn ju ti ẹ̀yìn lọ, páànù kan náà ló bò wọ́n. Bí wọ́n bá sì gbé bàbá sísàlẹ̀, eruku òwú á mú un ní àyà, á wúkọ́ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n Akìmáfàyè, ọkùnrin kan tó ń ta táyà ní ìlú ńlá tó jìnnà. Ó tẹ̀ ẹ́ láago lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, òun á gbé ọkọ̀ wá, òun á sì mú bàbá lọ sílé òun, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Kí a má purọ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kò lábùkù. Ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé táyà yẹn, gbogbo ènìyàn máa ń jáde láàárọ̀ kùtùkùtù, wọn kì í sì í wọlé títí di alẹ́. Bàbá á wà níbẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n fi pamọ́. Nígbà tí Akìmáfàyè sì sọ fún bàbá, ó ní, "Ibi tí n kò bá ti ní í gbọ́ fèrè, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀." Kò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà á. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ àkókò tí ọkọ̀ máa kúrò ní ibùdó.

Gbólóhùn yẹn ló wọ obìnrin náà lára. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. Ó ní bí yàrá náà bá tutù kí Sátidé yẹn tó pé, ṣé yóò fi bàbá sílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní ó dáa, pé òun fúnra òun á jókòó nínú yàrá náà ní ọ̀sán gangan títí oòrùn á fi kúrò lórí òrùlé, bí òun bá sì lè fara dà á, òun nìkan á wakọ̀ padà. "Ṣùgbọ́n kí o ti di báàgì bàbá sílẹ̀ o," ló wí. Àbúrò rẹ̀ ní òun á dì í.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Akìmáfàyè ti wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun tí wọ́n fi ń dènà ooru nínú àjà ilé. Obìnrin gíga kan tó fi okùn so jígí ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn ló ń tajà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ mú fóòmù funfun wá, pẹlẹbẹ bíi pákó, fúyẹ́ bí ìyẹ́. Akìmáfàyè ní kí wọ́n fún òun ní ègé kan, ó ṣáná sí i níta, ó rí irú èéfín dúdú tó ń jáde, ó rántí àyà bàbá rẹ̀, ó dá èérún rẹ̀ padà. Wọ́n mú òwú gíláàsì wá, tó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ń họ apá títí ìyókù ọ̀rọ̀ náà fi parí. Ìgbà tí wọ́n tú àpò kẹta ni ojú rẹ̀ tó là. Ògbólógbòó aṣọ ni wọ́n lọ̀ di òwú yìí, àwọ̀ eérú, wọ́n sì ti fi oògùn sí i kí iná má baà tètè ràn án, kí eku má sì fi ṣe ilé. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó di ojú. Ọwọ́ rẹ̀ ti délé.

Olùtajà náà wá gbé jígí rẹ̀ wọ̀ láti kì í nílọ̀. Ó ní, "Ìyá, bí ẹ bá ti tú u, ẹ jẹ́ kó wú. Bí apá yín ṣe gùn láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe ga nínú àjà. Ẹ má gbé nǹkan kan lé e, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́."

Akìmáfàyè ní ó ti yé òun. Ẹnu ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ń kọ́ ọmọ ẹja ní omi wíwẹ̀? Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdébìnrin ló ti ń ki òwú. Bí òwú bá wà ní wúruwùru, ṣé ooru ò ní í gba àárín rẹ̀ kọjá ni? Aṣọ tó fẹlẹ́ ni atẹ́gùn ń wọ̀, ògiri tó là ni aláǹgbá ń gbà. Ohun tó bá ki, tó le, tí kò láyè nínú, òun ló lè dènà nǹkan. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ọ̀bẹ?

Nítorí náà, ó rán tìmùtìmù fún àjà ilé. Mo ní, ó rán tìmùtìmù fún àjà ilé! Ó ra aṣọ líle, ó gé e bí àyè àárín igi àjà ṣe fẹ̀ tó, ó da òwú náà sínú rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó fi abẹ́rẹ́ ńlá gún un láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó fi okùn fà á le, ó so ó ní kókó-kókó bí wọ́n ṣe ń so bẹ́ẹ̀dì ọba. Òwú tó yẹ kó ga dé ìgbọ̀nwọ́ wá di pẹlẹbẹ tí kò ju ìka mẹ́ta lọ. Iṣẹ́ náà dára lójú. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Ìyá alágbàfọ̀ tó wà ní òdìkejì òpópónà ní ó ṣeni láàánú pé eku àti aláǹgbá nìkan ni yóò máa gbádùn irú nǹkan báyìí.

Káfíńtà tó gbà á ṣe ni Ó-ti-parí. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó máa ń wí ni, yálà iṣẹ́ parí tàbí kò parí, pàápàá bí kò bá parí. Ọkùnrin náà gùn, apá rẹ̀ gùn, sùúrù rẹ̀ ló kúrú. Ó tú pákó àtijọ́ kúrò nínú àjà yàrá bàbá, ó ń to tìmùtìmù náà sí àárín igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kan pákó tuntun bò wọ́n lábẹ́. Akìmáfàyè dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀, ó ń pàṣẹ, nítorí orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ràn òkè. Nígbà tí oníbàárà pè é sísàlẹ̀, ó kù díẹ̀ kí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tán. Kó tó padà gòkè, Ó-ti-parí ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń kó òòlù sínú àpò.

"Ó ti parí, Ìyá wa."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Akìmáfàyè bi bàbá pé báwo ni yàrá ṣe rí. Bàbá ní ó tutù bí inú àmù. Inú ọmọ dùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Ó bi í lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bàbá ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bèèrè aṣọ ìbora. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí nǹkan kó fọ́. Obìnrin náà ti ń ṣàkíyèsí nǹkan kan. Láàárọ̀, àga bàbá á wà níbi fèrèsé. Tó bá di ọ̀sán, á ti wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí òrùlé ti rẹlẹ̀, tí kò sí nǹkan tí ènìyàn lè wò àfi ògiri àti ìṣó tí wọ́n fi ń kọ́ fìlà. Ọkọ̀ ọ̀sán á fọn fèrè kọjá, bàbá kò ní í rí i. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ló ń dun òun lójú.

Bàbá tí ìmọ́lẹ̀ iná ẹ́ńjìnnì kò dùn lójú rí? Akìmáfàyè fa àpótí kan wá sí àárín yàrá, ó gun orí rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tí kò fẹ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan pákó àjà. Ó gbóná bí ìdí áyọ́ọ̀nù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa àpótí síwájú, ó tún gùn ún. Bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fà á lọ, ó ń gùn ún, ó ń sọ̀, títí ó fi dé orí bàbá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù.

Ó kúnlẹ̀ ti àga bàbá. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé yàrá yìí tutù?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọmọ mi, bí mo bá sọ pé ó gbóná, ta ni wọ́n máa gbé lọ?"

Ẹ wò ó, obìnrin yẹn kò sunkún. Inú bí i, ara rẹ̀ ló sì bínú sí. Bàbá náà ti ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ bo àṣìṣe ọmọ mọ́lẹ̀, ó ń jókòó sínú ooru tó lè pa á, ó ń sọ pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bèèrè aṣọ ìbora. Ó gbé bàbá lọ sí abẹ́ igi tó wà níwájú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ohun tó ní kí wọ́n sọ fún un kò ju pé ó wá nítorí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Òòlù ló wà lọ́wọ́ kan Ó-ti-parí nígbà tó dé, ẹ̀bẹ̀ ló wà lọ́wọ́ kejì. Kí Akìmáfàyè tó ya ẹnu, ọkùnrin náà ti wólẹ̀ sórí àtẹ̀gùn.

"Ìyá wa, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Mo mọ̀ pé ẹ máa rí i."

"Kí ni mo rí?"

"Tìmùtìmù tó kẹ́yìn yẹn. Igi méjì tó pàdé ní kọ̀rọ̀ ò jẹ́ kó wọlé. Mo tì í, mo fà á, mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, mo fi ọ̀bẹ là á."

"O là á."

"Mo là á, mo gbọn inú rẹ̀ síbẹ̀ wúruwùru, mo kan pákó bò ó. Aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ń nu ọwọ́ láti ìgbà náà. N óò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà wò ó títí. "O tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí?"

"Ìyá, mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ebi ló ń pa mí lọ́jọ́ yẹn."

"Dìde nílẹ̀," ni Akìmáfàyè wí. "Nínú gbogbo àjà yìí, ibi tí o ti ṣe ìmẹ́lẹ́ nìkan ló dára."

Ó-ti-parí kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa, bóyá ìdẹkùn ni. Nígbà tó rí i pé òótọ́ ni, ó gun àkàsọ̀, ó ṣí pákó kọ̀rọ̀. Òwú náà ti wú, ó kún àyè rẹ̀ bí irun orí ọmọ tí wọn kò tíì dì. Wọ́n ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n fa tìmùtìmù kan jáde: pẹlẹbẹ, líle, ó dára lójú, ó sì gbóná láti ẹ̀yìn dé iwájú. Akìmáfàyè gbé e lé itan, ó ń fọwọ́ pa kókó rẹ̀. Ohun tí olùtajà yẹn ń sọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé etí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ń gbé ènìyàn, ó yẹ kó le. Ta ni òwú inú àjà ń gbé? Afẹ́fẹ́ tó há sí àárín rẹ̀, tí kò rí ọ̀nà lọ, òun ló ń dí ooru lọ́nà. Ohun tí òun sì fi gbogbo agbára lé jáde nìyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

"Tú gbogbo rẹ̀," ló wí.

Ó-ti-parí rán an létí pé ọ̀tunla ni Sátidé. Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí ọ̀la bá jẹ́ Sátidé pàápàá, kó tú u.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rán aṣọ rí, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó fi aṣọ di imú, ó ń fi ẹnu abẹ já okùn kọ̀ọ̀kan, àwọn okùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà le tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ pàápàá ń bá wọn jà. Bó bá ti da òwú jáde, á fi ọ̀pá méjì gbọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe máa ń gbọn òwú kó tó di pé wọ́n kì í, títí á fi wú. Ibẹ̀ ló máa ń jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún un láti ìgbà èwe. Lọ́tẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni òpin. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó mọ̀, ọwọ́ náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òwú mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, obìnrin náà á sì gbá a kúrò bí ẹni gbá ọwọ́ olè.

Ìyá alágbàfọ̀ yọjú láti òdìkejì. Ó ní, "Akìmáfàyè, ṣé o ti wá di Atúmáṣẹ́kù ni?"

"Ẹni tó ṣìnà tó padà sẹ́yìn, ṣé kì í ṣe ilé ló ń lọ?" ni èsì tó rí gbà. "Dípò tí wàá fi máa fi mí ṣẹ̀sín, mú ọ̀pá wá kí o bá mi gbọ̀n ọ́n."

Obìnrin náà mú ọ̀pá wá lóòótọ́. Ẹlẹ́yà tó bá lè gbọn òwú, kí ó máa ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Akìmáfàyè gun àkàsọ̀ fúnra rẹ̀. Ó-ti-parí di àkàsọ̀ mú, ó ń bẹ orúnkún ìyá náà bí ẹni bẹ ọmọ tó ń sunkún. Orí rẹ̀ wọ inú àjà, ó dojú kọ páànù tó ń jó, ó sì ń da òwú náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó fi àyè sílẹ̀ láàárín òwú àti páànù kí ooru lè rí ibi gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé. Nígbàkígbà tí káfíńtà bá ní ó ti parí, á dá a lóhùn pé kò tíì parí. Ilẹ̀ fẹ́ ṣú lórí wọn, àyè tó kù kò sì pọ̀ mọ́.

Ní Sátidé, pákó tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kàn lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n dúró níwájú ilé. Wọn kò tíì dán yàrá náà wò. Oòrùn ti wà láàárín orí.

Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọkùnrin tó sanra dáadáa, tí òógùn máa ń bọ́ lára rẹ̀ bó bá ń ronú lásán. Kóòtù tó fi máa ń lọ sí báńkì ló wọ̀ wá. Ó kí bàbá, ó wo àjà, ó wo káfíńtà tó ń gbé àkàsọ̀ jáde, ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá báàgì ti wà ní dídì. Báàgì wà ní dídì, lórí ìtẹ́lẹ̀ fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tí Akìmáfàyè bá sọ, ó máa ń pa á mọ́. Àbúrò ní kí ẹ̀gbọ́n bọ́ kóòtù kí ara lè tù ú. Ẹ̀gbọ́n kọ̀.

"N kò bọ́ ọ. Bí yàrá yìí bá gbóná, òun fúnra rẹ̀ ló máa bọ́ ọ fún mi."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá, bàbá jókòó sórí àga níbi fèrèsé, Akìmáfàyè sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó mú ìrọ̀rí kan dání láti rán, okùn kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Páànù bẹ̀rẹ̀: pàù, pàù. Ohùn ẹ̀gbọ́n ń lọ sókè sódò nínú yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ táyà, ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́. Àbúrò kò fetí sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹsẹ̀ àga ló ń dẹtí sí. Bí ooru bá mú bàbá, kò ní í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àga á há ilẹ̀ gbárarárá lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tó ti mọ́ ọn lára. Bó bá sì há ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, Akìmáfàyè ti pinnu pé òun fúnra òun á ṣílẹ̀kùn, òun á gbé báàgì náà sínú ọkọ̀. Òun kò ní í jẹ́ kí bàbá tún fi ara rẹ̀ parọ́ fún òun mọ́.

Àga kò há ilẹ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi dìde dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀kùn. Nígbà náà ló gbọ́ ohùn kan, kí-kí-kí, bí ọkọ̀ tí kò fẹ́ ṣíná. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bọ́tìnì kóòtù rẹ̀ wà ní dídè dé ọrùn, ó ń hanrun. Bàbá wà níbi fèrèsé. Ó yíjú, ó gbé ìka lé ètè, ó sì padà sí ojú irin rẹ̀.

Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló jí olóorun pẹ̀lú fèrè. Ó dìde wúyá, ó ki ọwọ́ bọ ọrùn kóòtù, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbẹ. Ó wo ìta, oòrùn ti fi òrùlé sílẹ̀.

"Mo sùn," ló wí, bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Ẹ sùn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo ṣe sí yàrá yìí?"

Ó lè fi ọwọ́ lu àyà níbẹ̀, ẹnu kì í sì í wọ́n obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ó ní, "Mo kọ́kọ́ bà á jẹ́. Mo kì í, mo rán an, mo tẹ gbogbo ẹ̀mí inú rẹ̀ pa. Bàbá ń sọ fún mi pé ó tutù nígbà tó gbóná. Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ dé ni, ẹ̀yin lẹ jàre."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí bàbá. "Bàbá, ṣé ẹ ò parọ́ fún èmi náà lónìí?"

"Bi kóòtù rẹ léèrè," ni bàbá wí, kò sì yíjú. "Kí o sì bá mi gbé báàgì yẹn kúrò lójú fèrèsé. Kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbé báàgì. Ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ láàárín yàrá fúngbà díẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àbúrò rẹ̀. Ó wá gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, ó fa síìpù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣẹ́ẹ̀tì bàbá padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń ráhùn bó ti ń kó wọn. Ó ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa wá wo bàbá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi kọjá. Ó ní kí àbúrò òun máa tẹ òun láago lọ́sàn-án. Ó ní bóun bá gbọ́ nǹkan kan tí kò tẹ́ òun lọ́rùn, ọkọ̀ ṣì ní epo. Akìmáfàyè gbà sí gbogbo rẹ̀, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá a ká ṣẹ́ẹ̀tì. Nísàlẹ̀, Ó-ti-parí ń bi ẹnikẹ́ni tó bá lè gbọ́ ọ pé ṣé òun lè máa lọ báyìí, pé iṣẹ́ ti parí. Kò sẹ́ni tó jà á níyàn.

Káfíńtà yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún àbúrò bàbá mi nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń kan òrùlé kan, ó sì fi ìmẹ́lẹ́ tó ṣe ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yangàn ju gbogbo iṣẹ́ tó fi òógùn ṣe rí lọ. Àbúrò bàbá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi náà ti sọ ẹrù náà kalẹ̀ síwájú yín, bí mo ṣe gbà á, n kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, n kò sì yọ nínú rẹ̀.